Ṣọ́ọ̀kì wo ló yẹ BMW Z4 tó ń rin ọ̀nà Èkìtì?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti Básírì ní Adó-Èkìtì kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. BMW Z4 ọdún 2005 ni mo ń wà, 3.0i, tòkùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Tí mo bá gba ọ̀nà Ìwòròkò, tí mo gun bọ́ǹpù, ẹ̀yìn rẹ̀ á fò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Nǹkan kan sì ń ró kò-kò-kò lẹ́yìn lápá ọ̀tún. Mẹkáníìkì mi ní ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ẹnì kan fẹ́ ta ṣọ́ọ̀kì tòkùnbọ̀ mẹ́rin fún mi, ó ní ojúlówó ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú ra coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí gíga rẹ̀ ṣeé yí, kí ọkọ̀ náà lè wálẹ̀ dáadáa bíi ọkọ̀ eré ìje. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé mo sì lè pààrọ̀ méjì ẹ̀yìn nìkan?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀ o. Ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì tòkùnbọ̀ yẹn, ẹ má sì sọ ọkọ̀ yín kalẹ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tó bá sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ náà mu ni kí ẹ wá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí ẹ bá ti lè pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí nínú ẹjọ́ méjì tí ẹ kó wá, ọ̀kan péré ló jọ ti ṣọ́ọ̀kì. Fífò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Ìró kò-kò-kò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn, bí ẹ bá sì ra ṣọ́ọ̀kì tó dára jù lọ láyé, ìró náà á ṣì wà níbẹ̀.

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ dúró, ṣọ́ọ̀kì kọ́. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni láti dá sípíríǹgì lẹ́kun nígbà tó bá fẹ́ máa lọ sókè sódò lẹ́yìn tí táyà bá wọ gálọ́ọ̀pù. Nínú rẹ̀, ọ̀pá kan wà tí písítìnì so mọ́ nídìí. Písítìnì yìí ń rìn nínú epo, epo náà kò sì rí ibòmíràn gbà ju àwọn ihò tóóró àti fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára písítìnì lọ. Ibi tí epo ti ń fi tipátipá kọjá yẹn ni agbára fífò ọkọ̀ ti ń di ooru. Bí epo bá ti jò, tí fáàfù ti jẹ, tàbí tí gáàsì inú rẹ̀ ti sá lọ, sípíríǹgì á máa ṣe bó ṣe wù ú. Ìrora ìdí àti ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Táyà tó ń fò kì í di títì mú. Z4 kúrú, táyà ẹ̀yìn ló ń ti í, orí táyà ẹ̀yìn náà sì ni awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sí. Ní àwọn kọ́nà òkè tó wà láàárín Ìtáwurẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí ẹ bá tẹ bíréèkì nígbà tí táyà ẹ̀yìn ò tíì balẹ̀ dáadáa, ìdí ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ sá. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, títí tí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ má sáré pẹ̀lú rẹ̀ nínú òjò.

Ọ̀nà kan ò wọjà, ìró ẹ̀yìn Z4 náà kò sì ní orísun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, sípíríǹgì dá dúró, ṣọ́ọ̀kì dá dúró. Wọn kò sí nínú ara wọn bíi ti iwájú. Lókè ṣọ́ọ̀kì ni máúntìn wà, rọ́bà tó so ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀. Máúntìn ẹ̀yìn àwọn BMW ìgbà náà kì í pẹ́ ya, tó bá sì ti ya, ọ̀pá á máa lu irin. Àmì tirẹ̀ ni pé ó máa ń ró lórí ọ̀nà wúruwùru kéékèèké, níbi tí ẹ bá ti ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gun bọ́ǹpù ńlá, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Kí ẹnì kan máa tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó máa fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ kan ibi tí máúntìn ti so mọ́ ara ọkọ̀. Bó bá ti ya, ọwọ́ á gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́ ọ. Ẹ wo línkéèjì sítẹbiláísà náà, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó so mọ́ irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà, òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Búṣì rọ́bà ńlá tó wà níwájú apá ẹ̀yìn (irin tó di táyà ẹ̀yìn mú), níbi tí apá náà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tún wà níbẹ̀. Bí òun bá ti jẹ, ẹ ó rí i pé tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gáàsì lójijì, ìdí ọkọ̀ á yà díẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ń di sítíárì mú lẹ́yìn. Kí mẹkáníìkì fi irin gígùn wọ̀ ọ́ kó tì í. Kò yẹ kó mì ju ìwọ̀nba lọ. Ní ìkẹyìn, kí ó wo ìdí sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Ìká rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá máa ń ṣẹ́ nítorí ìpẹtà, ẹyọ tó ṣẹ́ á máa ró, ọkọ̀ náà á sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá ibẹ̀.

Nípa ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, títẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn ń ṣe kò tó ẹ̀rí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú pátápátá nìkan ló máa ń fi í hàn. Èyí tó ti lọ sí ìdajì á ṣì ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ohun tó sàn jù ni ooru. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi kìlómítà 10 lórí ọ̀nà tó ní gálọ́ọ̀pù, ẹ dúró, kí ẹ sì tètè fi ọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣọ́ra fún sàlẹ́ǹsà àti díìsìkì bíréèkì nítorí wọ́n lè jó yín. Ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó tutù nígbà tí èkejì rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ṣe nǹkan kan ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Ẹ wò ó bóyá ó ń jò pẹ̀lú. Bí eruku bá lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀ díẹ̀ bíi òógùn, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, epo díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ra ọ̀pá. Bí epo bá ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, tí ó tutù rinrin, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká. Bó bá ń ga tó ń lọ sílẹ̀ bíi ìgbì, táyà yẹn ti ń fò lórí títì ó ti pẹ́. Ẹ rántí pé táyà tó ti jẹ báyìí á ṣì máa hó lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, kí ẹ má baà rò pé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún yín.

Ohun mìíràn wà tó ń mú kí àwọn onímọ́tò Z4 dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi lásán: táyà. Táyà run-flat ni Z4 yìí bá wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tó lè gbé ọkọ̀ láìsí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní sípíà táyà. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó le báyẹn kì í gba gálọ́ọ̀pù mọ́ra, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé wọlé. Bí ẹ bá ti fẹ́ pààrọ̀ táyà, ẹ ra táyà lásán, kí ẹ wá gbé pọ́ǹpù kékeré àti ohun ìlẹ̀ táyà sínú búùtù. Bí ríìmù 18 ni ti yín, 225/40 níwájú àti 255/35 lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ táyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ fún ọ̀nà wa. Ríìmù 17 tó ń wọ 225/45 yípo ló dára jù fún ẹni tó ń gbé Adó, kódà ó lè tu ara yín lára ju ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí fọkanáísà kàn máa fẹ́ afẹ́fẹ́ bó ṣe wù ú. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀.

Kí ẹ tó wá béèrè iye owó ṣọ́ọ̀kì, ẹ mọ sípíríǹgì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yín. Oríṣi méjì ni BMW ṣe fún Z4 yìí: ti gbogbogbòò, àti ti sport tó fi bíi mílímítà 15 wálẹ̀ ju ti gbogbogbòò lọ tí sípíríǹgì rẹ̀ sì le jù. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì wọn kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà ló ní ti sport, ṣùgbọ́n ẹ má méfò. Ẹ mú nọ́ńbà méje tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, kí ẹni tó ń ta ọjà fi wá nọ́ńbà pàtó tó jáde láti ilé iṣẹ́. Kí ẹ sì lọ sí abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó bóyá èyí tó wà níbẹ̀ bá a mu, torí ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta kọjá lè ti gbé sípíríǹgì ẹlòmíràn wọ̀. Ẹ sọ fún un pé E85 ni, ìyẹn orúkọ tí BMW fi ń pe Z4 irú ti yín, nítorí Z4 tó tẹ̀lé e, E89, jẹ́ ọkọ̀ mìíràn pátápátá, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀kì oníná. Ti yín kò ní iná nínú ṣọ́ọ̀kì. Bọ́tìnnì SPORT tí ẹ ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ìdáhùn gáàsì àti bí sítíárì ṣe wúwo ló ń yí padà, pẹ̀lú jíà bó bá jẹ́ ọ́tò. Kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ sípíríǹgì tó báyìí ni pé òun ni ṣọ́ọ̀kì ń bá jà. Sípíríǹgì tó le ń fi agbára ńlá padà sókè, ó nílò ṣọ́ọ̀kì tó lè fà á sẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá rọ̀ jù fún un, ọkọ̀ á máa jó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá le jù fún sípíríǹgì tó rọ̀, nǹkan tó burú ju jíjó lọ ló máa ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà tí gálọ́ọ̀pù tò lé ara wọn: táyà á gòkè nígbà tó bá gun àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kì kò ní jẹ́ kó tètè balẹ̀ padà, ló bá tún gun èkejì, ló bá tún gun ẹ̀kẹta, ọkọ̀ á sì máa rì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó lórí sítọ́pà, ìyẹn fóòmù líle tó wà lára ọ̀pá. Láti ibẹ̀ lọ, ó dà bí ẹni pé kò sí sípíríǹgì mọ́, bíi irin lu irin ni. Awakọ̀ á sọ pé ṣọ́ọ̀kì náà rọ̀ jù, á tún lọ mú un le sí i, á sì tún burú sí i.

Bákan náà, líle kan kò jọ líle mìíràn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń tẹ̀ ní kọ́nà, jẹ́jẹ́ ni písítìnì ń rìn, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí táyà bá já sínú gálọ́ọ̀pù, ó lè lé ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ṣọ́ọ̀kì tó dára fún ọkọ̀ bíi ti yín lórí ọ̀nà bíi tiwa gbọ́dọ̀ di ọkọ̀ mú nígbà tí písítìnì bá ń rìn jẹ́jẹ́, kó sì ṣí fáàfù rẹ̀ gbayawu nígbà tó bá sáré. Èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ṣe òdìkejì: ó rọ̀ ní kọ́nà, ó sì le bí òkúta nínú gálọ́ọ̀pù. Ìyàtọ̀ yìí lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún.

Oríṣi méjì ló wà nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Èkíní ní páìpù méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Epo ń lọ láti inú sí ìta, gáàsì náítírójìn díẹ̀ sì wà lókè epo tí kò lágbára púpọ̀. Èkejì ní páìpù kan ṣoṣo tó nípọn, písítìnì kejì tó ń léfòó ló ya epo sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì, gáàsì náà sì fún pinpin. Bilstein ló kọ́kọ́ ṣe onípáìpù kan lọ́pọ̀ yanturu, fún Mercedes-Benz, ní 1957. Onípáìpù kan kì í tètè gbóná jù, epo rẹ̀ kì í hó, ó sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àléébù rẹ̀ fún wa ni òkúta. Bí òkúta bá ta lu ara rẹ̀ tó sì kọ díẹ̀ sínú, písítìnì á há síbẹ̀, nítorí ara páìpù yẹn gan-an ni písítìnì ń rìn lé lórí. Onípáìpù méjì lè gba irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yanrìn pupa lọ sí oko tàbí sí ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, kó fi èyí sọ́kàn.

Nípa orúkọ ọjà, èrò wa nìyí. Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ẹ wá ń gbé e jáde lọ sí Ìkògòsì lọ́jọ́ ìsinmi, Sachs ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó wà lára àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì fún BMW fúnra rẹ̀, yóò sì dá ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ tuntun. Bilstein B4 náà wà ní ipò kan náà. B6 le ju B4 lọ, gíga ọkọ̀ kò sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kọ́nà á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí yín á mọ gbogbo ẹ̀ka títì tó wà ní Adó. B8 kúrú ju B6 lọ nítorí sípíríǹgì tó rẹlẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín torí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga jù. Koni pupa tí wọ́n ń pè ní Special Active ní fáàfù kejì tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí táyà bá ń gbọ̀n kíákíá, ìyẹn gan-an lohun tí ọ̀nà wa ń béèrè. Bí ẹ bá rí i tí nọ́ńbà rẹ̀ bá E85 yín mu, tí owó sì wà, ẹ rà á. Koni Sport aláwọ̀ ìyeyè ṣeé yí le tàbí rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀pá bá ń jáde nìkan ló ń yí, kò fọwọ́ kan ìgbà tó ń wọlé. Bí ẹ bá fi í sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí jíjó fi dáwọ́ dúró. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ coilover wá kàn. A kò kórìíra rẹ̀. Ní pápá eré tí títì rẹ̀ dán, ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: gbogbo mílímítà tí ẹ bá fi sọ ọkọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì, inú àyè tí táyà fi ń gòkè lẹ ti yọ ọ́. Ká ní mílímítà 60 ló kù kí ṣọ́ọ̀kì tó kan sítọ́pà, tí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú 30, ìdajì ti lọ. Àwọn tó ń ṣe é mọ èyí, wọ́n á wá fi sípíríǹgì tó le gan-an sí i kó má baà máa gbá ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń di pákó. Iwájú Z4 tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ jù, apá ìsàlẹ̀ tó yẹ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ láti ara ọkọ̀ lọ sí táyà á wá máa yọjú sókè. Nígbà náà, agbára tó ń tẹ ọkọ̀ ní kọ́nà á pọ̀ sí i, ọkọ̀ tí ẹ sọ kalẹ̀ kó lè di kọ́nà mú á wá máa tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àfi bí sípíríǹgì bá le koko. Bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì ṣe kò sì ní ìwọ̀n. Abẹ́ ẹ̀ńjìnnì àti sàlẹ́ǹsà ló máa sanwó rẹ̀. Ẹ bá wa bẹ ọ̀rẹ́ yín.

Ṣọ́ọ̀kì tòkùnbọ̀ mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ ojúlówó lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ ojúlówó ní 2005 ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Rọ́bà tó ń di epo mú ti gan, fáàfù ti jẹ, ẹ kò sì lè fi ojú rí i. Owó tí ẹ ó san fún iṣẹ́ ọwọ́ láti fi í sí i kò yàtọ̀ sí ti tuntun. Bí ó bá wá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti sanwó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun á lu ihò sí ti yín àtijọ́, òun á rọ epo tuntun sí i, òun á sì jó o padà, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì yín lọ́wọ́ rẹ̀. Gáàsì wà nínú rẹ̀. Iná àti irin lílu lè mú kó bú gbàmù sí ènìyàn lójú.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, yálà Ladipo l'Ékòó lẹ ti rà á tàbí ẹnì kan ló bá yín rà á wá, ẹ má wo páálí nìkan. Nọ́ńbà tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ara ṣọ́ọ̀kì mu, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ bébà tó rọrùn láti yọ. Ẹ fi ìka ra ọ̀pá rẹ̀: kó dán bíi dígí, láìsí ìlà, láìsí àmì ìpẹtà. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ tẹ ọ̀pá náà wọlé dé ìdí: ó yẹ kó wọlé bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìsí ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Onígáàsì á jáde padà fúnra rẹ̀. Onípáìpù kan á tilẹ̀ nira láti tẹ̀.

Ẹ ra àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ọn, torí iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ló máa dé ibẹ̀: máúntìn ẹ̀yìn méjì, sítọ́pà méjì, rọ́bà tó ń bo ọ̀pá méjì, àti nọ́ọ̀tì tuntun fún òkè. Sítọ́pà tó ti pẹ́ máa ń rún bíi àkàrà tó gbẹ, ṣọ́ọ̀kì tuntun tí kò ní i á sì kú láìpẹ́. Fún iwájú, ẹ fi bíárìn òkè máúntìn kún un.

Fún mẹkáníìkì: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹ wọn gígùn láti àárín ríìmù dé etí fẹ́ńdà lókè táyà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ẹ sì fi irin dúró sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì kejì ni kó gba apá ìsàlẹ̀ mú kí ẹ tó tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, nítorí ṣọ́ọ̀kì ló ń dá apá náà dúró kó má já sílẹ̀. Bó bá já, rọ́bà bíréèkì àti wáyà ABS ló máa fà ya. Ẹ ya fọ́tò bí wọ́ṣà àti rọ́bà ṣe tò kí ẹ tó tú wọn. Bí ó bá jẹ́ onípáìpù méjì, tó ti sùn nínú páálí, ẹ gbé e dúró, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ fà á jáde bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú epo lè jáde. Láìṣe bẹ́ẹ̀ ó máa ń ró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sì sọ pé kò dára. Ẹ má fi pílíásì di ọ̀pá mú láé. Àpá kékeré kan lára ọ̀pá á gé rọ́bà tó ń di epo mú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ oníná yí nọ́ọ̀tì òkè. Ẹ fi sípánà kan di orí ọ̀pá mú, kí òmíràn yí nọ́ọ̀tì.

Ibi bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe. Inú búṣì rọ́bà ló gbà kọjá. Bí ẹ bá fún un nígbà tí táyà wà ní afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ wá balẹ̀, rọ́bà náà á lọ́ mọ́ra, á sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya. Ẹ fi ọwọ́ yí i kó kàn dúró, ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ títí gígùn tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á fi padà, nígbà náà ni kí ẹ wá fún un pa, pẹ̀lú sípánà onídíwọ̀n, ní ìwọ̀n tí ìwé BMW sọ.

Ti iwájú yàtọ̀, sípíríǹgì wà lára ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún sípíríǹgì gbọ́dọ̀ wà, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ara wọn gẹ́lẹ́, kí sípíríǹgì sì ti kúrò lára ìjókòó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín. Sípíríǹgì tó fò jáde lè pa ènìyàn. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí, tó fẹ́ fi okùn tàbí wáyà dè é, ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Kí wọ́n tú wáyà ABS àti rọ́bà bíréèkì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n fi wáyà so bíréèkì kọ́, kó má fi rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Bí wọ́n bá ń tò ó padà, ẹnu sípíríǹgì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ibi tí wọ́n ṣe fún un gan-an.

Ẹ bi wá bóyá ẹ̀yìn nìkan tó. Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀, bí ìdánwò ooru bá fi hàn pé ti iwájú ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, torí ọ̀tún tó di ọkọ̀ mú pẹ̀lú òsì tó jẹ́ kó fò á máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà bíréèkì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní. Bí ti ẹ̀yìn bá ti kú láìsí pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ti iwájú rí, ẹ tètè máa tọ́jú owó ti iwájú. Ọjà kan náà ni kí ẹ fi sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tó le ju iwájú lọ nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì máa ń tètè yọ̀ lórí títì tó tutù.

Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, kí wọ́n tún yẹ gbogbo bọ́ọ̀tì wò. Bí wọ́n bá ti tú iwájú, aláìnmẹ́ńtì di dandan, ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹ̀yìn Z4 náà ṣeé yí: bí táyà ṣe kọjú síwájú àti bó ṣe dá sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ bébà rẹ̀ fún yín, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn iṣẹ́. Bí ẹni tó ń ṣe é bá sọ pé iwájú nìkan ni ẹ̀rọ òun ń wò, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kódà bó bá gba pé kí ẹ lọ dé Àkúrẹ́.